Òjò Ṣú ní Ọjọ́ Ìrìn-Àjò

Ọjọ́ Àjíǹde kì í ṣáájú ọjọ́ 22 oṣù kẹta, bẹ́ẹ̀ ni kì í kọjá ọjọ́ 25 oṣù kẹrin. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni àkọ́rọ̀ òjò ń wọ ilẹ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìjì rẹ̀. Nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ ìyanu bí ojú ọ̀run bá dúdú ní ọjọ́ ìrìn-àjò, nígbà tí àwọn ọmọ ti gba ìsinmi ní ilé-ìwé, tí a ti di ẹrù, tí a ti san àsansílẹ̀ owó ọkọ̀, tí a sì ti ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé. Síbẹ̀ lọ́dọọdún ni ó ń bá ọ̀pọ̀ ìdílé lójijì: baba dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wo òkè, ìyá ń wo ojú baba, àwọn ọmọ sì ti jókòó sínú ọkọ̀.

Ìjì àkọ́rọ̀ ní ìwà tirẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ ìwà náà kò ní í ṣe àṣìyàn. Láti ìhà ìlà-oòrùn ni í ti í wá, a sì máa lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn. Ooru yóò mú gidigidi. Afẹ́fẹ́ yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Àwọsánmà yóò dìde bí ògiri dúdú. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀fúùfù líle yóò dé lójijì tí yóò gbé eruku àti páànù, kí òjò tó tẹ̀lé e. Àwọn atukọ̀ òyìnbó àtijọ́ tí wọ́n ń ṣòwò ní etíkun yìí a máa pè é ní tornado, wọn a sì tètè ká aṣọ ọkọ̀ wọn bí wọ́n bá ti rí ògiri dúdú náà. Ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́ àti òru ni ó wọ́pọ̀ jù, lẹ́yìn tí oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná. Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé líle rẹ̀ kì í pẹ́. Ẹ̀fúùfù a máa rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Òjò ńlá a sábà máa fúyẹ́ láàárín wákàtí kan tàbí méjì.

Bí ó ti rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ baálé ilé ń bi ara wọn, pé, “Ṣé kí a lọ ni, tàbí kí a má lọ?” kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi. Èyí tí ó yẹ ni, “Ní wákàtí wo?” Ìdílé tí ó fẹ́ ti Ìbàdàn lọ wo omi Olúmirin tí ń já bọ́ láti orí òkè ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ tí wọ́n sì gbéra, wọ́n lè ti kọjá Ifẹ̀ àti Iléṣà kí oòrùn tó kan àtàrí. Ìdílé kan náà, bí wọ́n bá dúró de aṣọ tí aránṣọ kò tíì parí, tí wọ́n sì kúrò nílé ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, inú ẹnu ìjì ni wọ́n ń lọ. Ẹni tí ó bá sì ní òun kò ní í rìn títí òjò yóò fi dá pátápátá, oṣù kọkànlá ni yóò tó fojú kan ìyá rẹ̀. Ojo ni irú ẹni bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọlọ́gbọ́n.

Àjọ tí ń wo ojú ọjọ́ fún ìjọba Nàìjíríà, tí a ń pè ní NiMet, a máa kéde lójoojúmọ́ bí ojú ọjọ́ yóò ti rí, a sì lè gbọ́ ọ lórí rédíò tàbí kí a rí i lórí tẹlifóònù. Àwọn kan ń fi í ṣe ẹlẹ́yà pé ó ní òjò yóò rọ̀, kò sì rọ̀. Wọn kò rántí pé òjò àkọ́rọ̀ lè rọ̀ ní Mókọ́lá kí ó má kan Mọ́níyà. Ìkìlọ̀ ni kéde náà ń ṣe. Kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ohun méjì ni ó ń ti ènìyàn jáde sínú ìjì: owó tí a ti san, àti ọ̀rọ̀ tí a ti sọ. Owó ọkọ̀ tí a ti san ti lọ, ìbáà ṣe pé a jáde tàbí a jókòó. Kò lè sọ fún ni bóyá afárá ṣì dúró. Kò yẹ kí a fún un ní àyè nínú ìgbìmọ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ tí a ti sọ le ju èyí lọ, nítorí ojú ń ti ènìyàn láti ránṣẹ́ pé òun kò ní í lè dé mọ́. Bí a bá sì ti gbéra, ìtìjú náà a tún pọ̀ sí i. Awakọ̀ ń wo ojú ẹni tí ó san owó fún un. Ìyàwó ń bẹ̀rù kí a má baà wí pé òun kò fẹ́ràn ilé ọkọ òun. Ọmọ tí ó jókòó níwájú rí i pé omi náà jìn, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kò jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀. Báyìí ni ènìyàn mẹ́fà ṣe ń wọ inú omi tí kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́.

Nítorí èyí ni ó fi yẹ kí baálé ilé sọ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ní etí gbogbo wọn, pé ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, títí kan awakọ̀, lè ní kí a dúró, a ó sì dúró láìbínú. Kí ó dá wákàtí pẹ̀lú: bí agogo kan ọ̀sán bá lù tí a kò tíì dé Ifẹ̀, Ifẹ̀ ni a ó sùn. Ọ̀rọ̀ tí a dá ní alẹ́, nígbà tí ara balẹ̀, sàn ju èyí tí a ń jiyàn lé lórí lẹ́bàá odò lọ.

Àwọn tí ń ka Ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì mọ irú ìgbìmọ̀ yìí ní orí 27. Pọ́ọ̀lù kìlọ̀ ní èbúté kan ní Kírétè pé ìgbà ìrìn-àjò ojú omi ti kọjá. Ṣùgbọ́n balógun ọ̀rún gba ọ̀rọ̀ ọ̀gá ọkọ̀ àti ẹni tí ó ni ọkọ̀ gbọ́. Èbúté náà kò rọrùn láti gbé ní ìgbà òtútù, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn sì ní kí a máa lọ. Nígbà tí afẹ́fẹ́ gúúsù fẹ́ jẹ́jẹ́, wọ́n rò pé ọwọ́ ti tẹ ohun tí wọ́n ń wá. Kò pẹ́ tí ìjì fi dé. Gbogbo àwọn 276 tí ó wà nínú ọkọ̀ ni ó gúnlẹ̀ láàyè, ẹlòmíràn lórí pákó. Ọkọ̀ àti ẹrù ṣègbé. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó kó wọn sínú rẹ̀, bí kò ṣe èbúté tí kò tura, ohùn ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti afẹ́fẹ́ jẹ́jẹ́ fún wákàtí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ béèrè wákàtí mọ́, tí a gbọ́dọ̀ jókòó sílé. Ìjì a kọjá, àgbàrá tí ó fi sílẹ̀ a sì kù. Ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àwọn ọmọ wà nínú ìsinmi gígùn, òjò a sábà máa dáwọ́ dúró díẹ̀, àwọn ènìyàn a sì gbẹ́kẹ̀ lé ìdáwọ́dúró yìí bí ẹni pé ìwé àdéhùn ni. Síbẹ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, ni omi Ògùnpa kún bo Ìbàdàn. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, ni ìlú kan náà tún rí ìkún-omi tí ó gbé afárá lọ, nígbà tí ìtunu ààwẹ̀ kù ọjọ́ mẹ́rin, tí ọ̀pọ̀ ìdílé sì ń múra ìrìn-àjò. Ní ìgbà méjèèjì, ẹ̀mí tí ó ju 100 lọ ni ó bá a lọ. Òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣe ọ̀rẹ́. Ẹni tí ó bá rí ni í pa.

Omi tí ń ṣàn tí kò ju ààbọ̀ ẹsẹ̀ bàtà lọ lè gbé ẹsẹ̀ àgbàlagbà kúrò nílẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 1 lè mú ọkọ̀ kékeré léfòó. Ẹsẹ̀ bàtà 2 lè gbé èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ lọ. Omi tí ó ti pupa kì í fi jíjìn rẹ̀ hàn, kì í sì í sọ bóyá ọ̀dà ojú títì ṣì ń bẹ lábẹ́ rẹ̀. Pé ọkọ̀ akẹ́rù kan ti kọjá níwájú kì í ṣe ẹ̀rí: ọkọ̀ akẹ́rù ga, ó sì wúwo. Ní ti àwọn tí yóò gba orí ọ̀sà kọjá, láti Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tàbí Àgbádárìgì, bí ìgbì bá ti dìde, kí wọ́n má wọ ọkọ̀. Bí kò bá sì sí ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó fún olúkúlùkù, títí dé ọmọ ọwọ́, kí wọ́n má wọ̀ ọ́ pẹ̀lú, bí ojú ọ̀run tilẹ̀ mọ́.

Bí ìjì bá bá ni lójú ọ̀nà, kí a ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìgbà tí mànàmáná kọ títí àrá yóò fi sán: mẹ́ta-mẹ́ta ni kìlómítà kan. Bí ó bá dín sí 30, àrá ti súnmọ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Inú ọkọ̀ tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ dára, nítorí irin ara rẹ̀ ni í darí iná àrá lọ sí ilẹ̀. Abẹ́ igi kò dára, fún ọkọ̀ tàbí fún ènìyàn. Kí a dúró títí ìṣẹ́jú 30 yóò fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn.

Àwọn tí a ń lọ bá nílé ní ẹ̀bi tiwọn, a kì í sì í sábà sọ ọ́. Àgbẹ̀ tí ń retí àbúrò rẹ̀ láti Èkó ni ó mọ̀ bóyá odò tí ó wà láàárín abúlé àti ojú títì ti kún. Ó rí i ní òwúrọ̀ nígbà tí ó ń lọ gbin àgbàdo. Ṣùgbọ́n bí àbúrò bá pè é lórí tẹlifóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, ọ̀nà ńkọ́?” yóò dáhùn pé, “Kò séwu, ẹ máa bọ̀,” nítorí kò fẹ́ kí a wí pé òun ń sá fún àlejò, àti nítorí pé a ti so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn. Ojú àánú kọ́ ni èyí. Ohun tí ó yẹ kí ó wí ni pé, “Odò ti dé orókùn, ẹ sùn sí Iléṣà, ewúrẹ́ ń bẹ níbí.” Kí àbúrò náà má sì ṣe kà á sí àìfẹ́. Ó yẹ kí àwọn ará ìlú ńlá rántí pẹ̀lú pé òjò tí ó ba ìsinmi wọn jẹ́ ni àgbẹ̀ ti ń wá láti oṣù kejì. Ẹni tí ó bá dé ní ọjọ́ kejì òjò, oko ni yóò bá gbogbo ilé. Bí àgbàrá bá sì ti wọ kànga, kí wọ́n se omi kí àwọn ọmọ tó mu ún.

Àwọn tí ó bá sùn sí ọ̀nà tí wọ́n sì dé Erin-Ìjẹ̀ṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì kò pàdánù púpọ̀. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi Olúmirin a máa tín-ín-rín lára àpáta. Lẹ́yìn òjò ni ohùn rẹ̀ ń tóbi. Kí wọ́n dúró ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n di ọwọ́ àwọn ọmọ mú, nítorí àpáta ń yọ̀. Òjò lè máa rọ̀ lórí òkè nígbà tí oòrùn ń ràn ní ìsàlẹ̀: bí omi bá yí àwọ̀ padà tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbé ewé àti ẹ̀ká igi wá, kí wọ́n kúrò níbẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà.