Dókítà Wo Ni Ẹ Lọ Rí?

Bí ènìyàn bá dúró ní Òkè-Ìlá nílùú Adó-Èkìtì, tí ó ké "Dókítà!" sókè, ènìyàn mẹ́rin lè dáhùn. Èkínní ni oníṣègùn òyìnbó tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì. Èkejì ni olùkọ́ tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìtàn, irú èyí tí Èkìtì kò ṣaláìní. Ẹ̀kẹta ni ẹni tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì. Ẹ̀kẹrin ni ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn polówó àgbo nínú ọkọ̀. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, iṣẹ́ wọn kò sì papọ̀.

Irú èyí wà ní ilẹ̀ mìíràn. Ní èdè Sípéènì, oníṣègùn ni wọ́n ń pè ní físico láyé àtijọ́. Lónìí, onímọ̀ físíìsì ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí. Dókítà fúnra rẹ̀, inú èdè Látìnì ló ti wá, olùkọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn ọ̀mọ̀wé jí orúkọ náà gbé.

N kò bá èdè jà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀mí ló ń kọ mí lóminú. Ìwé àṣẹ tí ìjọba Nàìjíríà ń fún oníkẹ́míìsì gbà á láàyè láti ta kìkì oògùn tí kò nílò ìwé dókítà. Kò gbà á láàyè láti gún ènìyàn lábẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá ọmọ bá ti lè sọ pé, "Mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà," ọkàn gbogbo ilé á balẹ̀. Kò sẹ́ni tí yóò tún béèrè pé dókítà wo. Ibà tó yẹ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún yóò sì máa ràn nínú ara ọmọ.

Àwọn kan yóò ní oníkẹ́míìsì ló wà nítòsí, òun ló ń tà láwìn, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn tò láti òwúrọ̀ dalẹ́. Òótọ́ ni. Àwọn dókítà wa ń rọ́ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba ló sì yẹ kó dáhùn fún un. Síbẹ̀, ọ̀wọ́n omi kò sọ epo di omi.

Ẹ rántí oṣù Keje ọdún 2014, nígbà tí Patrick Sawyer gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Dókítà Ameyo Adadevoh ló fura, tó sì kọ̀ kí ó kúrò nílé ìwòsàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń fúngun mọ́ ọn. Àrùn náà pa á ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ. Bí orúkọ náà ṣe wúwo tó nìyẹn.

Yorùbá kò ṣaláìní ọ̀rọ̀. Ẹni tó gboyè ni ọ̀mọ̀wé. Ẹni tó kọ́ nípa oògùn ní yunifásítì ni apoògùn. Ẹni tó ń tà á ni olóògùn. Pípè wọ́n bẹ́ẹ̀ kò bu ọlá ẹnikẹ́ni kù. Kí a tó na apá fún abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ béèrè pé: dókítà wo?