Nítorí Ọ̀nà Ni Òyìnbó Ṣe Gbé Ogun Wá

Ẹni tí ó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ láàárín Ìbàfò sí Mówè ní ọjọ́ Jímọ̀ kìn-ín-ní oṣù, nígbà tí ogunlọ́gọ̀ èrò ń wọ́ lọ sí Redemption Camp fún ìsìn òru, yóò ti mọ̀ pé sùúrù kì í pẹ́ tán lára ẹni tí ọ̀nà dí mọ́. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí díẹ̀ tí a fi dúró lójú márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti tó kí á máa bú ẹni gbogbo láti orí awakọ̀ dé orí ìjọba, kí ni a ó ti sọ nípa oníṣòwò Òyìnbó tí ó jókòó sí Èkó ní ohun tí ó lé ní àádóje ọdún sẹ́yìn, tí epo pupa àti èkùrọ́ tí ó ń retí wà lókè lọ́hùn-ún, tí oníbodè Ìjẹ̀bú àti oníbodè Ẹ̀gbá sì ti ọ̀nà pa?

Oníṣòwò yìí ni mo máa ń rántí, nítorí nígbàkígbà tí orílẹ̀-èdè alágbára kan bá kó ọkọ̀ ogun jọ lọ sí ilẹ̀ tí kò bá a pààlà, àwọn ènìyàn wa a máa jiyàn nídìí àwọn tí ń ta ìwé ìròyìn pé òmìnira ni ó ń gbé lọ fún wọn tàbí epo ni ó ń wá lọ. Èmi kò rò pé ó yẹ kí ìdáhùn rẹ̀ ṣòro fún ọmọ Yorùbá. A ti ṣe onílé nínú ogun bẹ́ẹ̀ rí, a ti bá ẹni tí ó gbé e wá gbé e rí, a sì ti rí òpin rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú un láti Èkó akéte, ilé ọgbọ́n. Ní oṣù kejìlá, 1851, ọkọ̀ ogun Òyìnbó wọ inú ọ̀sà, wọ́n sì fi àgbá fọ́ ìlú náà títí Ọba Kòsọ́kọ́ fi sá jáde. Láti inú ariwo àgbá náà ni àwọn ará Èkó ti rí orúkọ tí wọ́n fún ìjà ọ̀hún, Ogun Àgídìngbì. Ẹ̀sùn tí Beecroft, aṣojú ìjọba Òyìnbó, fi kan Kòsọ́kọ́ ni pé ó ń ta ẹrú. Irọ́ kọ́, Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú ní tòótọ́, òwò ibi sì ni, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbèjà rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀sùn jẹ́ òtítọ́ kò wí pé òun nìkan ni ó gbé ológun dìde nílé rẹ̀, nítorí kò ju ọdún mẹ́wàá lọ lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ, 1861, tí wọ́n fi ọkọ̀ ogun Prometheus dẹ́rù ba Ọba Dòsùnmú, ọmọ Akítóyè tí wọ́n sọ pé àwọn wá gbà sílẹ̀, títí ó fi tọwọ́ bọ̀wé pé òun ti yọ̀ǹda ìlú àwọn baba òun fún ọbabìnrin Òyìnbó. Kí á lè jẹran ni a ṣe ń pe màlúù ní bọ̀ọ̀dá. A kò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀bi náà sórí àlejò nìkan, nítorí Akítóyè fúnra rẹ̀, àbúrò baba Kòsọ́kọ́, ni ó lọ bẹ Òyìnbó kí wọ́n wá bá òun gba ìtẹ́.

Ogun tí ó tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere ju ti Èkó lọ ni ogun Ìmàgbọ̀n. Ìjẹ̀bú ọmọ Alárè ni ó di ọ̀nà mú láàárín òkè àti ọ̀sà. Ẹrù tí ó bá ti Ìbàdàn bọ̀ kì í kọjá lọ sí Èkó bí kò bá gba ọwọ́ oníṣòwò Ìjẹ̀bú tàbí kí ó san owó-bodè. Àjèjì, ì báà ṣe oníwàásù, kì í sì í gba inú ìlú wọn kọjá bí ó ti wù ú. Èrè ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń ṣọ́, kò sì sí ọba kan ní Yúróòpù ní ọjọ́ náà tí kò ní bodè tirẹ̀. Ní 1891, Denton, adelé gómìnà, lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, wọn kò sì kà á kún. Èkó mú un ní àbùkù. Ní oṣù kìn-ín-ní, 1892, àwọn aṣojú Awùjalẹ̀, ọba Ìjẹ̀bú, bá Gómìnà Carter ṣe àdéhùn pé ọ̀nà yóò ṣí, ìjọba Èkó yóò sì máa san £500 lọ́dọọdún fún Awùjalẹ̀ dípò owó-bodè. Kò pẹ́ tí Ìjẹ̀bú dá oníwàásù kan padà lójú ọ̀nà, ohun tí Carter sì ń retí nìyẹn.

Ní oṣù karùn-ún, Ọ̀gágun Scott kó ọmọ ogun gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Ìjẹ̀bú tú jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, wọ́n sì fi gbogbo agbára jà létí odò Yemoji, ṣùgbọ́n ìbọn Maxim àti rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í wojú akin. Ní 19 oṣù náà ni wọ́n jà, nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, Scott ti wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé fojú sí ni àwọ̀ ẹni tí ó ru ìbọn náà. Haúsá tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ ní ológun wà níbẹ̀, Haúsá ti Gold Coast wà níbẹ̀, aláwọ̀ dúdú ti West India Regiment wà níbẹ̀, àwọn ará Ìbàdàn sì tẹ̀ lé wọn, nítorí Ìbàdàn mesì Ògò kò tíì gbàgbé pé Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá ni ó dí ọ̀nà ẹ̀tù àti ìbọn mọ́ òun ní gbogbo ìgbà tí ogun Kírìjì, èyí tí òun àti àwọn Èkìtì-Pàrapọ̀ jà, ń lọ lọ́wọ́. Òyìnbó tí ó wà láàárín wọn kò pọ̀. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ráyè wọ inú rẹ̀.

Ǹjẹ́ ogun náà yọrí sí ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ jà á? Ó yọrí sí i. Èmi kò ní sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ nítorí pé inú mi kò dùn sí i. Ọ̀nà ṣí. Wọ́n fi Awùjalẹ̀ Tùnwàṣe sílẹ̀ lórí ìtẹ́, Ìjẹ̀bú tí ó ti ń dá oníwàásù padà sì ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí kí ogún ọdún tó pé, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ìjẹ̀bú gba ọ̀nà tí a fi ìbọn ṣí lọ́wọ́ rẹ̀ tán, ó ń ta ọjà lórí rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Òwò tí Òyìnbó ń wá ni Ìjẹ̀bú náà ń wá, ìdí nìyí tí ìṣẹ́gun náà fi rọ̀.

Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí rí ohun tí ó ṣe aládùúgbò wọn, wọ́n sì yára tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú Carter ní oṣù kìn-ín-ní, 1893, pé ọ̀nà yóò máa ṣí sílẹ̀, Òyìnbó yóò sì jẹ́ kí wọ́n máa dá ìjọba ara wọn ṣe níwọ̀n ìgbà tí wọ́n bá pa àdéhùn mọ́. Rélùwéè tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1896 gba Ìfọ̀ kọjá lọ sí Abẹ́òkúta, ó sì dé Ìbàdàn ní ìparí 1900. Àdéhùn kò pẹ́ tó irin. Ní oṣù kẹjọ, 1914, nígbà tí àgbàlagbà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ṣóbìyí Pónlàdé kú sí àtìmọ́lé tí ará Ìjẹmọ̀ ní Abẹ́òkúta sì fárí gá, sójà yìnbọn sí èrò. Kí oṣù tí ó tẹ̀ lé e tó parí, òmìnira Ẹ̀gbá ti bọ́.

Lẹ́yìn èyí ni Lugard, gómìnà àgbà Nàìjíríà, mú owó-orí wá ní 1918, lórí iṣẹ́ ọba tí wọ́n ti ń fi ipá mú ènìyàn ṣe láìsan kọ́bọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn ará oko dìde, a sì ń pe ogun wọn ní Ogun Àdùbí. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ kọjú sí ni ojú irin: wọ́n hú u ní ìhà Wásinmi, tí kò jìnnà sí Ìfọ̀ wa yìí, wọ́n gé wáyà, wọ́n pa aṣojú ilé-iṣẹ́ òwò Òyìnbó kan, wọ́n sì pa Ọ̀ṣilẹ̀ Òkè-Ọnà, ọba tiwọn, tí wọ́n kà sí ẹni ìjọba. Wọn kò lọ sí Èkó lọ bá gómìnà. Ọ̀nà tí a tìtorí rẹ̀ wá wọn wá ni wọ́n bá jà. Àwọn tí ìjọba sì fi pa iná náà ni ọmọ ogun Nàìjíríà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà dé, níbi tí a ti kó wọn lọ bá Jámánì jà lórí ìjà tí kò kan baba wọn. Ọmọ tí a rán lọ jagun ní ilẹ̀ jíjìn ni a tún dojú rẹ̀ kọ ilé.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ Afghanistan kò yà mí lẹ́nu. Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀ ní 2001, ogún ọdún gbáko ni ó fi wà níbẹ̀, nígbà tí yóò sì fi di 15 oṣù kẹjọ, 2021, àwọn Taliban tí ó lé jáde ti padà wọ Kabul. Ìbọn Amẹ́ríkà lágbára ju Maxim lọ fíìfíì, ṣùgbọ́n kò rí Ìbàdàn tí yóò bá a rù ú tọkàntọkàn, kò sì rí òwò tí òun àti onílé jọ ń fẹ́. Àjòjì lójú, kò fi ríran. Ìráàkì tí wọ́n wọ̀ ní 2003 nítorí ohun ìjà tí a kò rí títí di òní kò tilẹ̀ yẹ ní ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Kí a má sì rò pé ọwọ́ tiwa mọ́. Sójà wa lọ sí Monrovia ní Liberia pẹ̀lú ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOWAS, ní oṣù kẹjọ, 1990, láti dá ìjà dúró. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú Ààrẹ Doe ti Liberia nínú ọgbà àwọn ECOMOG gan-an, Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀ mìíràn tí a lọ dá lẹ́kun, sì di ààrẹ ní 1997 nípa ìbò. Ní 2023, nígbà tí ológun gbàjọba ní Niger, ECOWAS lábẹ́ alága rẹ̀, Ààrẹ Tinubu, fún wọn ní ọjọ́ méje, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ ogun. Inú mi dùn pé àwọn sẹnetọ̀ wa kò tẹ́wọ́ gbà á, nítorí kò sí ẹni tí ó lè sọ fún wa ohun tí sójà wa yóò ṣe ní Niamey ní ọjọ́ kejì ìṣẹ́gun. Ẹnubodè ni a tì dípò ogun, a sì tì í títí di oṣù kẹta, 2024, kò mú ológun Niger kúrò lórí àléfà; àwọn oníṣòwò tiwa ní Jíbíyà àti Ìlẹ́là ni ọjà bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́.