Páìpù Nínú Èdè C: Orúkọ Nìkan Kò Tó

Bí ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà bá ti délẹ̀, orúkọ ni àwọn olùkọ́ èdè abínibí sábà máa ń wá kiri. Kí ni kí wọ́n pe páìpù tí Ken Thompson fi kún Unix ní 1973, èyí tí ó ń gbé àbájáde àṣẹ kan fún òmíràn? Páìpù náà tó. Oníṣẹ́ omi pàápàá mọ̀ ọ́n.

Ibòmíràn ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọsẹ̀. Ẹ wo àṣẹ ls | wc -l, tí ó ń sọ iye orúkọ fáìlì. Ẹni tí yóò fi èdè C ṣe irú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ pe pipe, tí yóò fún un ní ẹnu méjì, ọ̀kan fún kíkà, èkejì fún kíkọ. Yóò fi fork bí ọmọ méjì. Àkọ́bí yóò fi dup2 so ẹnu kíkọ mọ́ nọ́ńbà 1, ibi tí àbájáde ń gbà jáde, kí exec tó sọ ọ́ di ls. Àbúrò yóò so ẹnu kíkà mọ́ nọ́ńbà 0, yóò sì di wc. (Ti àmì > rọrùn: fáìlì ló ń gba ipò páìpù.)

Ṣùgbọ́n bí òbí tàbí àbúrò bá gbàgbé láti ti ẹnu kíkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, wc yóò máa retí ohun tí kò ní í dé láéláé, láìsí ìkìlọ̀ kankan. Títì yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà.

Yorùbá, Ìgbò àti Ewe, tí ń to ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ léra, lè sọ ọ́ kedere: so ó, ti èyí tí o kò lò, kí o tó pàṣẹ. Àkójọ ọ̀rọ̀ kò lè kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ èdè àti olùkọ́ kọ̀ǹpútà ni yóò jọ jókòó kọ ọ́.