Kò Tọ́ Kí A Fi Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ Mẹ́rin Dá Agbábọ́ọ̀lù Lẹ́jọ́

Bí sáà bọ́ọ̀lù bá ti ń bẹ̀rẹ̀, àríyànjiyàn a máa gba ìlú kan. Ní Òde Ìdànrè àti ní Àlàdé, lọ́dọ̀ oníwèé ìròyìn, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ní ibi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò, ohun kan náà ni à ń gbọ́. Ẹnì kan á ní atamátàsé tuntun tí wọ́n gbà kò mọ ojú ilé. Òmíràn á ní kí wọ́n lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnì kẹta á ní ọwọ́ aṣọ́lé ń jò bí ajere. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré ni wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá o! Ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù nínú wọn lè má tí ì fi owó ara rẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì wọ pápá ìṣeré Àkúrẹ́ rí, ṣùgbọ́n n kò torí ìyẹn bá a wí. Ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́ kan ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ohun tí mo lòdì sí ni ìdájọ́ tí ó ń sáré ju ẹ̀rí lọ. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Lójú tèmi, ẹni tí ó fi ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin pinnu irú ẹni tí agbábọ́ọ̀lù kan jẹ́ kò tilẹ̀ tí ì gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan náà tán.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe ìṣirò díẹ̀. Ní sáà 2023 sí 2024, nígbà tí Rangers ti Enúgù gba ife ẹ̀yẹ, ẹgbẹ́ 20 ni ó wà nínú líìgì àgbà ti orílẹ̀-èdè wa. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 ni a là sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, 19 nílé, 19 ní ìdálẹ̀. Pọ́ìntì mẹ́ta ni ẹni tí ó bá borí ń gbà, nítorí náà pọ́ìntì 114 ni ó wà nílẹ̀ fún ẹgbẹ́ tí ó bá lè kó gbogbo rẹ̀. Bí a bá ti gbá mẹ́rin, pọ́ìntì 12 ni ó ti kọjá, 102 sì wà níwájú. Olùkọ́ wo ni yóò fi ìdánwò ọ̀sẹ̀ kejì ní sáà kìíní kọ èsì ìparí ọdún sínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́? Bí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ bá wà, àwọn òbí yóò ká a mọ́ iléèwé.

Ẹ̀wẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin ẹgbẹ́ kan kì í bá ti òmíràn dọ́gba. Ní Nàìjíríà, gbígbá nílé àti gbígbá ní ìdálẹ̀ yàtọ̀ bí ilẹ̀ ti yàtọ̀ sí òkè. Orí títì ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ń gbà rin ìrìn àjò wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá ti Àkúrẹ́ lọ bá El-Kanemi Warriors ní Maiduguri, ọ̀nà tí ó ju kìlómítà 1,000 lọ ni yóò fi jókòó sínú bọ́ọ̀sì, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ síwájú èrò tí kò fẹ́ ire fún un. Nígbà náà, bí ètò ìdíje bá gbé ẹgbẹ́ wa lọ sí ìdálẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta nínú mẹ́rin àkọ́kọ́, tí a borí nílé, tí a ta ọ̀mì kan ní ìdálẹ̀, tí a sì pàdánù méjì, pọ́ìntì mẹ́rin ni a ní. A ó wà ní ìsàlẹ̀ tábìlì, ariwo yóò sì sọ. Ẹgbẹ́ tí ó gbá mẹ́ta nílé, tí ó borí lẹ́ẹ̀mejì, tí ó ta ọ̀mì kan, tí ó sì pàdánù ní ìdálẹ̀, yóò ní pọ́ìntì méje. Gbogbo ènìyàn á máa yìn ín. Bẹ́ẹ̀ ni, bí a bá wò ó dáadáa, ẹgbẹ́ náà ti sọ pọ́ìntì méjì nù ní ilé ara rẹ̀, kò sì rí nǹkan kan mú bọ̀ láti ìdálẹ̀. Èwo nínú àwọn méjèèjì ni ó wà lójú ọ̀nà? Tábìlì kò lè sọ fún wa ní ọ̀sẹ̀ kẹrin.

Àwa tí a wà ní Ìdànrè kò yẹ kí a nílò àlàyé púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí a mọ kòkó. Igi kòkó a máa yọ òdòdó lọ́pọ̀ yanturu, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wọn ni ó ń di èso. Nínú àwọn tí ó tilẹ̀ so, ọ̀pọ̀ ni ó ń rọ dúdú lára igi kí wọ́n tó tóbi. Kò sí àgbẹ̀ kan níhìn-ín tí yóò dúró sí abẹ́ òdòdó kí ó máa ka iye àpò tí yóò gbé lọ sọ́dọ̀ oníkòkó. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ kan náà yìí, bí ó bá ti oko dé ní ìrọ̀lẹ́, yóò sọ fún ọ pé atamátàsé tí kò tí ì jẹ góòlù láti ìgbà tí sáà bẹ̀rẹ̀ ti parí.

Mo fẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ atamátàsé yìí dáadáa, nítorí òun ni ìbínú àwọn alátìlẹ́yìn máa ń kọ́kọ́ bọ́ sí lórí. Ká ní ẹnì kan yóò jẹ góòlù 15 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38. Ẹni ńlá nìyẹn. Inú ẹgbẹ́ wo ni kò ní dùn sí i? Bí a bá pín in, góòlù kan ni nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì àti ààbọ̀. Ṣùgbọ́n góòlù kì í wá bí owó oṣù. Ó lè jẹ méjì ní ọjọ́ kan, kí ó wá lo oṣù kan gbáko láìjẹ ẹyọ kan. Bí oṣù tí ó gbẹ yìí bá bọ́ sí àárín sáà, a ó sọ pé ó rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀, a ó sọ pé kò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Ẹni kan náà ni, oṣù gbígbẹ kan náà ni. Àkókò tí ó bọ́ sí nìkan ni ó yàtọ̀. Àti pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Bí àwọn tí ó wà ní àárín pápá kò bá tí ì mọ ibi tí atamátàsé tuntun fẹ́ràn láti sá sí, báwo ni bọ́ọ̀lù yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ wa ni ó ń pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù bí ẹni pààrọ̀ aṣọ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà kọ̀ọ̀kan. Àlejò ni wọ́n jẹ́ sí ara wọn.

Nǹkan tí ó ṣẹlẹ̀ sí Sunshine Stars ti Àkúrẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ń bẹ lọ́kàn mi. Wọ́n bá Al Ahly ti Íjíbítì pàdé nínú ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ìdíje ife àwọn ẹgbẹ́ tí ó gbégbá orókè ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá ti àkọ́kọ́, ó sì parí sí mẹ́ta sí mẹ́ta. Ẹni tí ó bá wo ìyẹn nìkan yóò búra pé àwọn ẹ̀yìn wa kò lè di ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ní oṣù náà kan náà, wọ́n lọ sí Kàírò. Góòlù kan ṣoṣo ni Al Ahly rí jẹ. Lóòótọ́, góòlù kan náà tó láti yọ wá kúrò, Al Ahly sì gba ife náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kan náà ni ó jẹ́ kí bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́ta nílé, tí ó sì jẹ́ kí ó wọlé lẹ́ẹ̀kan ní ìdálẹ̀. Nínú méjèèjì, èwo ni kí a fi dá wọn lẹ́jọ́?

Ẹ wá wo Ademola Lookman, ọmọ tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1997 fún àwọn òbí tí ó jẹ́ ará Nàìjíríà. Ní ọjọ́ keje oṣù Kọkànlá ọdún 2020, Fulham tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù fún lọ bá West Ham. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wọn kẹjọ ní sáà náà nìyẹn. West Ham ti jẹ góòlù kan, àkókò sì ti tán pátápátá nígbà tí Fulham rí pẹnáritì gbà. Lookman ni ó gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀. Kàkà kí ó gbá a lágbára, ó rọra ta á sókè sí àárín ilé, aṣọ́lé sì mú un wẹ́rẹ́ bí ẹni mú ọsàn. Fulham pàdánù. Ẹ̀sín tí wọ́n fi ọmọ náà ṣe kò kéré. Àwọn tí kò wo ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà pàápàá wo pẹnáritì yẹn ní ìwòtúnwò, wọ́n sì sọ pé ẹni tí ó gbá irú rẹ̀ kò ní láárí láé.

Ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù Karùn-ún ọdún 2024, ní Dublin, Lookman yìí wọ aṣọ Atalanta ti Ítálì nínú àṣekágbá ìdíje Europa League. Bayer Leverkusen ti Jámánì ni wọ́n bá pàdé, ẹgbẹ́ tí ó ti gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 51 láìpàdánù ẹyọ kan. Atalanta fi góòlù mẹ́ta sí òdo borí wọn. Lookman ni ó jẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, ní Marrakech, wọ́n pè é ní agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jù ní ilẹ̀ Áfíríkà.

Ẹni tí ó fẹ́ jiyàn lè sọ pé Fulham ṣáà já kúrò nínú líìgì àgbà ní ìparí sáà yẹn. Òtítọ́ ni. Ẹgbẹ́ náà kò lágbára tó, ìbẹ̀rẹ̀ sì ti ń sọ ọ́. N kò sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ kì í sọ òtítọ́ rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í sọ ọ́ tán, àti pé ohun tí ó bá sọ nípa ẹgbẹ́ lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀ nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò tọ́ka sí Côte d'Ivoire. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Equatorial Guinea fi góòlù mẹ́rin sí òdo nà wọ́n nínú ìdíje ife ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n gbà lálejò. Akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn kúrò, Emerse Faé tí ó jẹ́ igbákejì rẹ̀ gba ipò, wọ́n sì gba ife náà lọ́wọ́ Nàìjíríà ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì. Ṣé kò wá dára kí a tètè lé ẹni tí kò ṣe dáadáa? Èmi rí i lọ́nà mìíràn. Àwọn agbábọ́ọ̀lù tí orúkọ wọn wà nínú ìwé ní ọjọ́ tí wọ́n jẹ mẹ́rin sí òdo, àwọn náà ni orúkọ wọn wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé ife. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn alátìlẹ́yìn tí ó ń sunkún ní Abidjan lágbára láti lé gbogbo wọn ní alẹ́ ọjọ́ náà, ta ni ìbá gbé ife?

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní eré kan tí wọ́n ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù kékeré, baseball ni wọ́n ń pè é. Ìdíje 162 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ṣe ní sáà kan. Ní ọdún 2019, Washington Nationals ṣe 50, wọ́n borí nínú 19, wọ́n pàdánù 31. Kí ọdún náà tó parí, àwọn ni ó gba ife ẹ̀yẹ gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àádọ́ta ni mo wí, kì í ṣe mẹ́rin.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni, n kì bá tí yọ ara mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ariwo àwọn alátìlẹ́yìn a máa dé etí àwọn tí ó ń ṣàkóso ẹgbẹ́, ẹ̀rù a sì máa bà wọ́n. Wọ́n á lé akọ́nimọ̀ọ́gbá. Èyí tí ó bá dé á kó agbábọ́ọ̀lù tirẹ̀ wá, àwọn náà á di àlejò sí ara wọn, ìbẹ̀rẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ títí kò lè dé ibì kankan. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti orí pápá iléèwé wọn bọ́ sínú ẹgbẹ́ ńlá ni ìyà náà ń jẹ jù. Ó ṣe àṣìṣe ní ọjọ́ kan, wọ́n sì ń pe orúkọ rẹ̀ pẹ̀lú èébú lójú ìyá rẹ̀ ní ọjà. Àwọn àgbàlagbà agbábọ́ọ̀lù pàápàá kò rọ́gbọ́n dá sí i. Lẹ́yìn àṣekágbá ọdún 2024 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, èébú tí wọ́n bu Alex Iwobi pọ̀ débi pé ó yọ àwọn àwòrán rẹ̀ kúrò lórí Instagram, Ahmed Musa tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ nígbà náà sì ní láti bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi í lọ́rùn sílẹ̀.

N kò ní kí a di aditi tàbí afọ́jú títí sáà yóò fi parí. Láti ọjọ́ kìíní ni ojú lè máa ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá atamátàsé tí kò rí góòlù jẹ ń dé ibi tí ó yẹ kí ó wà. Bí ó bá ń dé ibẹ̀, góòlù ń bọ̀. Ẹ ka iye ìgbà tí ẹgbẹ́ ti lọ sí ìdálẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ara aṣọ́lé yá. Bí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bá wá di 19, tí a ti bá gbogbo ẹgbẹ́ yòókù pàdé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí a mú orúkọ wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹnu kó wọn bí ó ti tọ́. Ẹni kan ṣoṣo ni n kò ní gbèjà kí ó tó dìgbà náà: agbábọ́ọ̀lù tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, tí bọ́ọ̀lù bọ́ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ó dúró, tí ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí, tí ó ń wo àwọn ẹlòmíràn bí wọ́n ti ń sáré lé e. Ìyẹn, ẹ pariwo lé e lórí láti ọjọ́ kìíní.