Ẹrù Ẹni Tí Ó Dá Alùpùpù Gùn Lọ sí Ọ̀nà Jíjìn



Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ọmọ àbúrò mi obìnrin wá kí mi ní ilé mi ní Thomas Estate, ní Ajah. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jókòó, ó sì wí pé, “Bàbá, bí òjò bá ti dá, mo fẹ́ dá alùpùpù mi gùn láti ìhín dé Abidjan.” Ó fi àwòrán àpótí irin mẹ́ta hàn mí, méjì fún ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ó sì ní gbogbo owó àjọ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ni òun yóò fi rà wọ́n. Ìyá rẹ̀ ti ránṣẹ́ sí mi ṣáájú, pé kí n bá òun dá a dúró. Mo jáde lọ wo alùpùpù náà. Táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti dán bí àwo. Nígbà náà ni mo mọ ohun tí ó yẹ kí n sọ, kì í sì í ṣe “má lọ.”

Irú ìrìn yìí kì í ṣe àjèjì láàrin wa. Ọlábísí Àjàlá fi sikútà la ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilẹ̀ kọjá, ó sì tẹ ìwé ìrìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1963. Kúnlé Adéyanjú gbéra ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 19 oṣù Épírìlì 2022, ó sì gun alùpùpù dé Èkó ní ọjọ́ 29 oṣù Méè, láti fi kó owó jọ fún ìgbógun ti àrùn rọpárọsẹ̀. Ní ọdún 2024 ẹ̀wẹ̀, Ebaide Udoh, ọmọbìnrin Nàìjíríà, dá alùpùpù gùn láti Mombasa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà dé Èkó. Ọmọ wa kò ṣìwèrè, nítorí náà. Ṣùgbọ́n ẹrù ni ó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti ṣì í.

Èmi náà ti jẹ irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo jẹ́ akọ̀wé kékeré, mo di àpò ìwé ńlá kan sí ẹ̀yìn alùpùpù, mo ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Okùn kan ṣoṣo ni mo fi dì í, mo sì fi etí okùn náà sílẹ̀ gbọọrọ. Okùn bọ́ sí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ó wé mọ́ ṣéènì, ẹsẹ̀ náà sì há gírígírí lójijì. Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ tí ń bọ̀ lẹ́yìn tẹ̀ mí pa. Nígbà tí mo dìde, mo rí i pé sàlẹ́ńsà ti jó ìdí àpò náà lu, àwọn ìwé inú rẹ̀ sì ti di dúdú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹrù lè pa ẹni tí ó dì í.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí èmi àti ọmọ náà ṣe, bóyá yóò wúlò fún ọmọ ẹlòmíràn.

Èkíní, a wọn ẹrù kí a tó wá àpò. A kó ohun gbogbo tí ó fẹ́ gbé sórí òṣùwọ̀n ìyá rẹ̀: kìlógíráàmù 31. A yọ bàtà kẹta, a yọ ìkòkò, a yọ ẹ̀wù tí ó lè fọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ku 17. Àpótí irin méjì, pẹ̀lú irin tí a fi ń gbé wọn kọ́, lè wọn kìlógíráàmù 15 kí a tó fi aṣọ kan ṣoṣo sínú wọn. Ìwé tí ó bá alùpùpù wá sọ ìwọ̀n tí ó lè gbé, a sì ka ẹni tí ó gùn ún mọ́ ọn. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Èkejì, a wo irú àpò tí ó yẹ. Àpótí irin ní iyì tirẹ̀: ó ní kọ́kọ́rọ́, òjò kì í sì í tètè wọ inú rẹ̀. Ẹni tí alùpùpù rẹ̀ tóbi, tí owó rẹ̀ sì tó, kí ó rà á. Ṣùgbọ́n bí alùpùpù bá ṣubú, àpótí líle lè há ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Àpò rírọ̀ kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà a ra àpò òkìrìkà méjì tí aṣọ wọn nípọn, a fa ojú rírán wọn wò, a ṣí síìpù wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Télọ̀ tí ń rán tapólì fi bẹ́líìtì fífẹ̀ so wọ́n pọ̀, kí wọ́n lè wà lọ́tùn-ún lósì bí ẹrù kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Wẹ́dà sì ṣe ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò jẹ́ kí wọ́n kan ẹsẹ̀ tàbí sàlẹ́ńsà.

Ẹ̀kẹta, ohun tí ó wúwo wà nísàlẹ̀, súnmọ́ àárín alùpùpù, kí ọ̀tún sì dọ́gba pẹ̀lú òsì. Ohun fífúyẹ́ nìkan ni ó lọ sí ẹ̀yìn. Bí a bá di ẹrù wúwo sókè lẹ́yìn, iwájú alùpùpù yóò fúyẹ́, kò sì ní gbọ́ràn sí ọwọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ìwé kì í gbé inú àpò alùpùpù. Ẹnubodè mẹ́rin ni ó wà lójú ọ̀nà Abidjan: Sẹ̀mẹ̀, Hilla-Condji, Aflao àti Elubo. Ìwé ìrìnnà, ìwé alùpùpù, káàdì ìlera àti káàdì ìbánigbófò ti ECOWAS gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, nínú ọ̀rá. Nílé pàápàá ó nílò wọn, nítorí láti oṣù Júùnù 2022 ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi òfin de ọ̀kadà ní Etí-Ọ̀sà, kò sì yẹ kí a ka arìnrìn-àjò mọ́ ọlọ́kadà.

Owó tí ó ṣẹ́ kù lára àjọ náà ra táyà méjì, tíúbù, bíréèkì àti akoto tí ó dára.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, a ní kí ó di gbogbo ẹrù rẹ̀, kí ó gùn ún lọ sí Ẹ̀pẹ́ kí ó sì padà. Òjò bá a lọ́nà. Nígbà tí ó dé, ẹ̀wù inú àpò òsì tutù rin, nítorí ẹ̀ẹ̀kan ni ó ká ẹnu ọ̀rá inú rẹ̀ dípò ẹ̀ẹ̀mẹta. Bẹ́líìtì kan sì ti dẹ̀. Ìyá rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sá ẹ̀wù náà, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọ ní kíká ọ̀rá. Kò tún bẹ̀ mí pé kí n dá a dúró mọ́. Ohun tí ó sọ nìyí: “Ibi tí o bá ti kọ́kọ́ dúró ra epo, kí o tún bẹ́líìtì yẹn fà.”

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn, ẹ bá a wọn ẹrù rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ ra táyà kí ẹ tó ra àpótí. Àjò kì í dùn kí onílé má relé.