Aṣọ Egúngún Kì í Ṣe Àga

A kò gbà pẹ̀lú àwọn ará Akron tí ó ní ìwé adójútòfò ilé ti tó fún aṣọ egúngún àti ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ìdílé wọn. Èyí tí a kò bá dárúkọ, tí a kò kọ iye rẹ̀ síwèé, bí iná bá jó o, bí ẹni san owó tábìlì ni wọn ó san án. Bí iye tí a kọ bá sì kéré, òfin CIMA ka onílé sí adójútòfò ara rẹ̀ fún ìyókù.

Wọ́n ní èèwọ̀ ni kí a díyelé ohun àwọn baba wa. Gbàǹjo Paris ti ń díyelé e tipẹ́! Èyí tí ojú ọ̀gbẹ̀rì kò gbọdọ̀ rí, kí ọlọ́jẹ̀ fúnra rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ti ikán ńkọ́? Wọn kì í sábà san ìyẹn. Kí a máa ṣí àpótí wò.