Ọ̀pá Èéfín Tó Bá Ẹ́ńjìnnì Mu

Ní ìgbà yìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ Kamina àti Atakpamé máa ń jiyàn lé lórí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ ọ̀pá èéfín ọkọ̀, èyí tí èdè Faransé ń pè ní échappement. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó ń gba ojú ọ̀nà wa kọjá ló jẹ́ tòkunbọ̀ tó gba èbúté Lomé wọlé. Nígbà mìíràn, a máa ń rí ọkọ̀ asáré láàárín wọn, bíi Peugeot 205 GTI tàbí Volkswagen Golf GTI tó dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ. Bí ọ̀pá èéfín irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá jẹrà, ẹni tó ni ín yóò wá òmíràn. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í yàn, nítorí pé etí ni wọ́n fi ń yàn án: èyí tó bá ń bú bíi kìnnìún ni wọ́n ń sanwó fún. Ohun tí a ní í sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ́ńjìnnì ni kí a kọ́kọ́ mọ̀, kí a tó yan ọ̀pá.

Ẹ jẹ́ kí a tọ ipa èéfín láti orísun rẹ̀. Bí epo bá ti jóná, èéfín gbígbóná yóò jáde láti inú sílíńdà kọ̀ọ̀kan, yóò sì bọ́ sínú ọ̀pá ẹlẹ́ka tó ń kó o jọ, tí í ṣe collecteur. Láti ibẹ̀, yóò gba inú catalyseur kọjá, níbi tí oró inú rẹ̀ ti ń dínkù. Lẹ́yìn náà ni yóò dé inú silencieux, àpótí tó ń pa ariwo kù, kí ó tó jáde ní ìdí ọkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ rántí pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn jọ ń ṣe.

Àwọn kan gbà pé bí ihò ọ̀pá bá ṣe fẹ̀ tó ni agbára ọkọ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èéfín kì í ṣàn gbọọrọ bí omi odò. Ní ìgbì-ìgbì ni ó ń jáde. Bí ihò bá tóóró jù, èéfín yóò há, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bí ó bá fẹ̀ jù, èéfín yóò pàdánù eré rẹ̀, ìgbì tó ṣáájú kò sì ní fa èyí tó tẹ̀ lé e dáadáa mọ́. Ọkọ̀ yóò wá rọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò bá tíì máa yára yí. Ẹni tó ń gun òkè Atakpamé yóò tètè mọ̀ ọ́n, nítorí pé agbára yẹn gan-an ni òkè ń béèrè. Ní ti alùpùpù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ deux-temps, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé gígùn ọ̀pá àti ìrísí ikùn rẹ̀ wà lára ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì náà ṣiṣẹ́.

Kò yẹ kí ọ̀rọ̀ ìgbì ṣàjèjì sí àwa ará Kamina. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín ni ilé-iṣẹ́ Telefunken kọ́ ibùdó rédíò sí fún ìjọba Jámánì, láti máa bá Nauen nítòsí Berlin sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà tó lé ní 5000 kìlómítà. Àwọn ará Jámánì fúnra wọn ló bà á jẹ́ ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25, oṣù kẹjọ, ọdún 1914. Gíga òpó nìkan kò tó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ bá ìgbì ẹ̀rọ tó ń fi í ránṣẹ́ mu. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọ̀pá àti ẹ́ńjìnnì.

Orúkọ ọkọ̀ nìkan kò sì tó fún ẹni tó fẹ́ ra ọ̀pá. Ẹ wo 205 GTI: ẹ́ńjìnnì 1,6 lítà ni ó kọ́kọ́ gbé jáde ní ọdún 1984, ẹ́ńjìnnì 1,9 lítà dé lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ kan, ẹ́ńjìnnì méjì. Nítorí náà, ẹ mú carte grise dání, ẹ ka nọ́ńbà châssis, kí ẹ sì wá àmì tí a tẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ wọn ìbú ihò ọ̀pá àtijọ́ ní mìlímítà, ẹ ka iye bóòtù ojú ìsopọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì wo ibi tí rọ́bà ti gbé e kọ́. Ẹni tó ń jó irin lè mú ọ̀pá méjì tí kò bára mu lẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kò lè mú wọn bá ẹ́ńjìnnì mu.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé catalyseur dànù. Láti ọdún 1993 ni Yúróòpù ti mú un ní dandan fún ọkọ̀ tuntun tó ń lo bẹntiróòlù. Platine, palladium àti rhodium ló wà nínú rẹ̀, irin tó wọ́n gan-an. Ẹni tó bá ní òun yóò bá yín yọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, ó mọ ohun tó ń wá. Ẹ sì rí i pé ọ̀pá tuntun ní ihò fún sonde lambda níbi tó yẹ, nítorí pé òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ọkọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí ó kéré jù. Bí ó bá parọ́, àpò yín ni yóò san án.

Ohun tó burú jù lọ kò hàn sí ojú. Monoxyde de carbone inú èéfín kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ó sì ń gba àyè afẹ́fẹ́ rere nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ìsopọ̀ kan bá ń jò lábẹ́ ọkọ̀, ọmọ tó sùn sórí àga ẹ̀yìn lè máa mí in sínú nígbà tí bàbá rẹ̀ ń gbádùn ohùn ọ̀pá tuntun. Nítorí náà, ẹ fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sí gbogbo ìsopọ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ọkọ̀ bá ti tutù, ẹ wo abẹ́ rẹ̀: èédú dúdú yí ìsopọ̀ ká jẹ́ àmì pé èéfín ń jò níbẹ̀.

Ní ti ariwo, àwa olùkọ́ mọ bí ẹ̀kọ́ ṣe ń já ní àárín gbólóhùn nígbà tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kọjá lójú fèrèsé. Aláìsàn àti ọmọ ọwọ́ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Lára ọ̀pá tí a yẹ̀ wò ní Yúróòpù, ẹ ó rí lẹ́tà E nínú òbìrí pẹ̀lú nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó fọwọ́ sí i: 1 fún Jámánì, 2 fún Faransé. Ẹ wá àmì yẹn kí ẹ tó sanwó.

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Bí olùtajà bá ní ọ̀pá kan bá gbogbo ọkọ̀ mu, ẹ bi í léèrè ẹ́ńjìnnì wo ni wọ́n ṣe é fún. Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi owó yín sínú àpò, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ.